Ìdí Tí A Fi Ń Gbá Tọ́ọ̀ṣì Nídìí Kí Ó Tó Tàn

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko ṣì ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí irinṣẹ́ sì ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbá tọ́ọ̀ṣì kí ó tó tàn. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀, iná dé nìyẹn. Bí kò bá ní tàn, á sọ fún ọ, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí irinṣẹ́ tó ń ṣòótọ́ tó o.

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe tọ́ọ̀ṣì ilé yín lónìí. Ẹ ń lù ú bí ẹni ń lu olè. Ẹni tó kọ́ yín ní ìwà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn òmùgọ̀ kan ló ti kọ́ ọ. Ìtàn àwọn òmùgọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní bo àṣírí wọn.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Àpáta. Àgbò ni Baálẹ̀ ibẹ̀. Ìwo rẹ̀ tóbi, ó ká lọ ká bọ̀, ó sì wúwo. Àwọn ará ìlú wá rò pé ohunkóhun tó bá ti wúwo lórí ẹni, ọgbọ́n ni. Òbúkọ ni igbákejì rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Òbúkọ mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó máa mi irùngbọ̀n bí Baálẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ó wá wí pé, "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn."

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò ìlú náà a máa gbẹ pátápátá. Omi tó kù a wà nínú ihò àpáta. Ihò ọ̀hún jìn, ó sì ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan bí inú ìkòkò tí a dé. Ọ̀nà tó lọ síbi omi kò fẹ̀ rárá. Ògiri ni apá òsì rẹ̀. Kòtò ni apá ọ̀tún, bí o bá sì ju òkúta sínú kòtò yẹn, o ò ní gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Ògùṣọ̀ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn inú ihò a máa pa á. Ni ìlú bá pinnu pé àwọn á ra tọ́ọ̀ṣì.

Lékèélékèé ni oníṣòwò tí wọ́n mọ̀. Ó máa ń bá agbo màlúù rìn láti ìlú dé ìlú, ó sì máa ń kó ọjà bọ̀ láti ibi tó jìnnà. Ó tẹ́ ọjà rẹ̀ síwájú ilé Baálẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì méjì ló wà níbẹ̀.

Èkíní gùn, ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Gílóòbù kún ojú rẹ̀ bí ẹyin àkèré. Ó ní iná pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní iná búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó sì ń kọrin bí a bá tẹ̀ ẹ́ nídìí. Èkejì kúrú, ó dúdú, irin ni gbogbo ara rẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ló ní. Kúkúrú ni wọ́n ń pè é.

"Èmi ni Ọba Ìmọ́lẹ̀!" ni tọ́ọ̀ṣì gígùn wí. "Iná mi a máa dé ojú òṣùpá. Ẹni tó bá gbé mi lọ́wọ́, ayé á mọ̀ pé ó ṣe nǹkan."

Kúkúrú yínmú sí i.

"Òṣùpá wo? Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá iná rẹ̀ dé ara ògiri yẹn," ni ó wí. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ojú nìkan ra tọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé àwa méjèèjì wọ ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ ká já bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọ́n omi sí wa lára. Ẹ ṣí ìdí wa, kí ẹ wo sípíríngì inú wa bóyá ó le. Èyí tó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ẹ rà."

Àgbò bú sẹ́rìn-ín. "Kí n máa la ohun tuntun mọ́lẹ̀? Ṣé orí mi dàrú ni? Ẹ tún wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó dúdú bí ìdí ìṣasùn."

Òbúkọ mi irùngbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Ohun tí Baálẹ̀ bá máa gbé dání, ó yẹ kó bá agbádá rẹ̀ mu."

Lékèélékèé wò wọ́n títí. Oníṣòwò ni, àmọ́ kì í ṣe ẹlẹ́tàn. "Baálẹ̀," ni ó wí, "bó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ wọ ihò yẹn, èyí kúkúrú yìí ni màá gbé."

"Kí o lè gbé èyí tó dára lọ tà níbòmíràn, àbí?" ni Àgbò dá a lóhùn. "Ojú mi ríran, ọ̀rẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ra Ọba Ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ inú ihò, omi kan kán sí i lórí láti ara àpáta. Ẹ̀kán kan péré! Iná rẹ̀ di pupa, ó di búlúù, ó sì kú fin-ín. Gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè fi ìkúnlẹ̀ rákò jáde bí ọmọ ọwọ́, tọ́ọ̀ṣì náà sì ń kọrin lọ́wọ́ Baálẹ̀ títí wọ́n fi délé. Orin ni wọ́n rà, wọ́n sì gbọ́ orin.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni Àgbò wí nígbà tó nu orúnkún rẹ̀ tán. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yin náà fojú rí i ni."

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn," ni Òbúkọ wí.

Wọ́n sáré tẹ̀lé Lékèélékèé, wọ́n ra Kúkúrú.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, gbogbo ìlú rí omi mu. Kúkúrú já bọ́ lára àpáta, ó tàn. Omi kán sí i, ó tàn. Ẹnu rẹ̀ kò dúró o, nítorí ó máa ń bú ẹni tó bá gbé e láìnu ọwọ́, àmọ́ iná rẹ̀ funfun, ó sì dúró ṣinṣin. Bátìrì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, orí èyí kan ìdí èyí. Èyí tó wà níwájú pátápátá, tó fẹnu kan gílóòbù, ni wọ́n ń pè ní Bàbá.

Òjò dé, odò kún. Wọ́n so Kúkúrú rọ̀ sí abẹ́ òrùlé Baálẹ̀, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Baálẹ̀," ni Kúkúrú ké, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwọn bátìrì inú mi. Iṣẹ́ ti tán, ó ti rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó sínú mi títí òjò á fi dá, wọ́n á máa yọ omi, omi wọn á sì jẹ irin inú mi."

Àgbò gbé orí sókè. "Kí la gbọ́? Kí n lé àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́ jáde sínú òjò? Ní Ìdí-Àpáta níbí? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò!"

Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní Baálẹ̀ wọn láàánú. Ẹ ò rí àánú bí? Wọ́n ṣàánú àlejò, wọ́n ń wo onílé níran.

Bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sínú Kúkúrú, wọ́n wú, wọ́n yọ omi. Omi náà gbẹ, ó di ìyẹ̀fun funfun kan tó ń ta bí iyọ̀ burúkú. Ìyẹ̀fun yìí bo sípíríngì, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sípíríngì dógùn-ún. Kúkúrú ń ké, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, wọ́n tẹ Kúkúrú, kò tàn.

"Mo wí fún yín, àbí mi ò wí?" ni Kúkúrú sọ.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí ṣe? Wọ́n kó bátìrì jáde, wọ́n ń gé wọn jẹ! Òbúkọ fi eyín gé ọ̀kan títí ó fi tẹ̀. Wọ́n ní bí a bá gé e jẹ, agbára rẹ̀ á sọjí. Lẹ́yìn náà wọ́n sá wọn sórí àpáta nínú oòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dá wọn padà, Kúkúrú sì tàn díẹ̀, ó pọ́n bí epo. Kí wọ́n tó yọ̀ tán, ó ti kú.

Lékèélékèé tún dé, ó kó bátìrì tuntun mẹ́ta wá. Méjì nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti fọ́, wọ́n kúrò níbẹ̀ láìjà. Àmọ́ Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" ni Bàbá wí, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Èmi tí mo tànmọ́lẹ̀ fún ìlú yìí láti ọdún tó kọjá? Ẹ fẹ́ rán àwọn ọmọ àná wọ inú òkùnkùn láìsí àgbà níwájú wọn? Ta ni yóò júwe ọ̀nà fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àgbò lára. Ó dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká.

"Òótọ́ ni Bàbá sọ," ni ó wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Bàbá jókòó síwájú. Kí àwọn ọmọ tuntun méjì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n gbé ìkẹta sórí àjà mi, a ó máa wò ó."

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn!" ni Òbúkọ wí. Lọ́jọ́ náà, ó tún fi tirẹ̀ kún un. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀."

Òwe tó dára ni. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bátìrì kò gbọ́ òwe rí.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni Lékèélékèé bẹ̀ wọ́n, "bátìrì kì í ṣe ọmọ aráyé. Bí ẹ bá pa ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun, ògbólógbòó á mu agbára tuntun, á sì bì í dànù."

"Ẹ yọ ọ́," ni Kúkúrú náà wí. Kò bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú mi, kí ẹ ha ìdọ̀tí yìí kúrò lára sípíríngì mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ."

"Ìwọ ọmọ irin yìí," ni Àgbò dá a lóhùn, "wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé yín."

Lékèélékèé gbé ẹrù rẹ̀, ó bá màlúù rẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ ìṣíhò. Ọjọ́ ìṣíhò ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pọn omi inú àpáta lọ́dún. Àṣà wọn ni pé Baálẹ̀ ni yóò gbé iná ṣíwájú, àwọn ọmọdé ìlú á gbé akèrègbè tẹ̀ lé e lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn òbí á sì dúró lẹ́nu ihò, wọ́n á máa kọrin.

Ẹtu kan wà nílùú náà, opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ìlú ṣe ń pe Ẹtu ní Ìyá Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Torí pé ó kéré jù, ẹ̀yìn Baálẹ̀ gan-an ni wọ́n tò ó sí.

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a wọlé," ni Ìyá Àwẹ̀ró bẹ̀bẹ̀. "Àyà mi ń já."

"Kí ló ń já ọ láyà?" ni Àgbò wí. "Ṣé èmi kọ́ ni mo wà níwájú ni?"

Wọ́n wọlé. Kúkúrú tàn fún ìwọ̀nba díẹ̀. Ó funfun, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó di pupa.

"Baálẹ̀, ẹ yí padà nísinsìnyí," ni Kúkúrú sọ. "Bàbá ti ń mu àwọn ọmọ tuntun gbẹ. Mi ò ní pẹ́ kú."

"Pa ẹnu dé," ni Àgbò wí.

Iná kú.

Ẹ̀yin ọmọ, òkùnkùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti inú yàrá yín. Àwọn ọmọdé pariwo. Baálẹ̀ tó ní òun wà níwájú, ẹ̀yìn ló fi ń sá! Kò yíjú padà, kò mú ọmọ kankan lọ́wọ́. Ó ń fi ìdí ńlá rẹ̀ ti ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ké pé, "Ẹ yà! Ẹ yà fún mi!" Láàárín àwọn ọmọdé yìí, òun ló kọ́kọ́ jáde síta. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ògiri, wọ́n di ara wọn nírù mú, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Àwẹ̀ró ń wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ti ń jáde. Ó wo èyí tó kẹ́yìn.

"Àwẹ̀ró mi dà?"

Wọ́n gbọ́ ohùn kékeré kan láti inú ihò lọ́hùn-ún. "Màámi o!"

Ìdí Baálẹ̀ ló ti Àwẹ̀ró kúrò lójú ọ̀nà. Ó ti ṣubú sí apá ọ̀tún, ó sì ṣe oríire bọ́ sórí ẹnu àpáta pẹlẹbẹ kan tó yọ jáde lára kòtò. Ibi tó dúró sí kò ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà lọ.

"Ẹ má jẹ́ ká kánjú," ni Àgbò wí. Ó ti jókòó sórí òkúta, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sá àwọn bátìrì yìí sóòrùn títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́!" ni Ìyá Àwẹ̀ró ké. "Ẹsẹ̀ ọmọ mi á ti yẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́! Ẹ ní bátìrì tuntun lórí àjà. Ẹ ní kí wọ́n sáré lọ mú un wá!"

"Ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá Baálẹ̀ bí Baálẹ̀ kò bá sí nílé," ni Òbúkọ wí, ó ń mi irùngbọ̀n. "Kí Baálẹ̀ sinmi ná, a ó sì jíròrò rẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró já tọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ Àgbò. Ó fẹ́ ṣí i nídìí kí ó yọ Bàbá dànù. Àgbò fò dìde, ó kígbe pé, "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ó fẹ́ tú àgbà síhòòhò níwájú àwọn ọmọdé!" Àwọn ìjòyè rọ́ bò ó.

Ẹ wò ó, wọn ò lè sáré wọ inú ihò nítorí ọmọ, àmọ́ wọ́n lè sáré nítorí bátìrì. Inú bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá Àwẹ̀ró bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì kó sínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Ó fọwọ́ tọ́ ògiri títí ó fi gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó ti ń bọ̀ gan-an.

"Màámi, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

"Má rìn, ọmọ mi. Má mira rárá," ni ó wí. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí Kúkúrú. "Jọ̀ọ́."

"Mo fẹ́ tàn," ni Kúkúrú dáhùn. "Agbára díẹ̀ ṣì kù lára àwọn ọmọ tuntun méjì yìí. Ìdọ̀tí ara sípíríngì ni kò jẹ́ kó kọjá. Tú mi, kí o nù mí."

"N kò ríran. Bí ohun kan bá bọ́ sínú kòtò ńkọ́?"

Onígbéraga ni Kúkúrú, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbá a rí.

"Ó dáa, gbá mi nídìí," ni ó wí. "Gbá mi dáadáa. Bóyá ìdọ̀tí náà á yẹ̀ díẹ̀. Á dùn mí, má wo ti pé á dùn mí. Nítorí ọmọ yìí ni o. Lónìí nìkan."

Ìyá Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè, ó gbá a. Pàì! Kò sí nǹkan kan. Ó tún gbá a. Pàì! Iná kọ yẹ̀rì, ó sì kú.

"Àwẹ̀ró, ṣé o rí iná?"

"Mo rí i, Màámi."

"Èmi ni. Bí o bá tún rí i, má sá, má mira. Dúró, kí o tẹjú mọ́ ọn. Kí n lè rí ẹyinjú rẹ."

Pàì! Iná kọ yẹ̀rì. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, Ìyá Àwẹ̀ró rí ẹyinjú méjì tó ń tàn ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Iná kú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ikùn wọ́. Pàì! Ẹyinjú méjì ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, wọn ò yẹ̀. Ó tún wọ́ síwájú. Pàì! Báyìí ló ṣe ń gbá a tó sì ń wọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan irun orí ọmọ rẹ̀. Ó mú un lápá, ó fà á gòkè, ó gbé e mọ́ àyà. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀ kí wọ́n tó lè dìde.

Nígbà tí wọ́n jáde síta, gbogbo ìlú hó yèè. Ìyá Àwẹ̀ró gbé tọ́ọ̀ṣì lé Àgbò lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀.

"Baálẹ̀," ni Kúkúrú wí, ohùn rẹ̀ ti há, "ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojúmọ́ rèé, ìmọ́lẹ̀ rèé. Ẹ ṣí mi nísinsìnyí. Ẹ yọ Bàbá, ẹ nu inú mi."

"Nítorí kí ni?" ni Àgbò wí. "Báwo ni obìnrin yìí ṣe mú kí o tàn?"

"Ó gbá a nídìí," ni ẹnìkan dáhùn láàárín èrò.

Àgbò gbá Kúkúrú nídìí, pàì! Iná kọ yẹ̀rì. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i?" ni Àgbò kígbe. "Kò sí ohun tó ń ṣe é! Agídí ni! Ẹ̀kọ́ ilé ni kò ní!"

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn," ni Òbúkọ wí, òun náà sì na ọwọ́ kí ó lè gbá tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni tọ́ọ̀ṣì kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbá a nídìí kí ó tó tàn. Bí ó bá kọ yẹ̀rì, a ó ní ó ti gbọ́ràn. A kì í ṣí i wò. A kì í ha ìdọ̀tí inú rẹ̀. A ṣì ń pa bátìrì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, a ṣì ń sá wọn sóòrùn, a ṣì ń gé wọn jẹ, bẹ́ẹ̀ ìwo kò sì sí lórí wa.

Ìyá Àwẹ̀ró kò sun Ìdí-Àpáta mọ́jú. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kó wọ inú igbó. Àwẹ̀ró dàgbà níbẹ̀, ó bímọ, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tó gba òun là. Àwọn náà kọ́ ọmọ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹtu, tó máa ń sá bí ewé gbígbẹ bá dún, kì í sá fún iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ọdẹ bá wọ igbó, á gbá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nídìí, pàì! Ẹtu á gbọ́. Á dúró, kò ní mira, á tẹjú mọ́ iná náà, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa tàn.

Ó rò pé ìyá òun ló ń bọ̀.